Ìdọ̀bálẹ̀ Bámgbóyè ní Kumbakonam

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti fọ́tò yẹn, torí olóògbé Dàpọ̀ Bámgbóyè fúnra rẹ̀ ì bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ Sunday kan ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn, a ń jẹ ìrẹsì nínú basement ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Taradale, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni fóònù gbogbo wa bá dún lẹ́ẹ̀kan náà. Díákónì Bámgbóyè rèé ní India, nínú tẹ́ńpìlì àwọn Hindu, ó ká fìlà sọ́wọ́, ó nà gbalaja sílẹ̀, ère òrìṣà kan sì wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Nínú fọ́tò kejì, wọ́n ti fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló fi wọ́n sí group ìjọ láìfarabalẹ̀ wò wọ́n. Ó kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé, "Ọkọ mi ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ bá mi yin Olúwa." Kò sẹ́ni tó mọ èwo ni Olúwa tó ní ká yìn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìjọ fẹ́ fi Bámgbóyè jẹ alàgbà. Kí n má parọ́, ó fẹ́ oyè yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ àkàrà gbígbóná. Ó ti rán aṣọ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń rìn bí alàgbà kiri Sunridge Mall.

Ohun tó gbé e dé India ni Mani, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ engineer ní Downtown, tí ilé wọn sì kọjú síra. Mani ń lọ kí bàbá rẹ̀ ní Kumbakonam, ìlú tó jẹ́ pé bí o bá yà sápá ọ̀tún, tẹ́ńpìlì ni, bí o bá yà sósì, tẹ́ńpìlì ni. Bámgbóyè ní òun á bá a lọ.

"Kí lo ń wá lọ síbẹ̀?" Fúnmiláyọ̀ bi í.

"Mo fẹ́ kí bàbá ọ̀rẹ́ mi. A ti jọ ń ko snow láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì mọ ilé tó ti wá."

Bàbá náà ní kí wọ́n wá bá òun ní tẹ́ńpìlì. Ó jókòó ti òpó ńlá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá òrìṣà. Mani kò tíì parí "Bàbá mi nìyí" tí Bámgbóyè fi wà nílẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí ire kì í dúró kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń júbà òrìṣà wọn nìyẹn gẹ́lẹ́, kí wọ́n nà tán sílẹ̀. Àlùfáà tẹ́ńpìlì rí ọkùnrin gìrìwò kan láti òkèèrè tó ń fi gbogbo ara sìn, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ mú òdòdó wá. Ìbátan Mani ya fọ́tò. Òpó bo bàbá arúgbó náà pátápátá, òrìṣà nìkan ló hàn.

Ìrìn-àjò yẹn kò tán síbẹ̀. Mani ti kìlọ̀ fún un pé òwúrọ̀ ni kí wọ́n máa lọ sáwọn tẹ́ńpìlì yòókù, torí ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọlé. "Oòrùn wo?" ni Bámgbóyè wí. "Ṣé oòrùn tó bí mi?" Ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ tó ti ń wọ sọ́ọ̀kì láti October títí di May kì í ṣe ẹsẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Lọ́sàn-án gangan, lórí òkúta àgbàlá tó ti gbóná bí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mani ní àwọn obìnrin kan ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ bá a jókòó rí, ẹ mọ ti erin. Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì kan, erin kan wà tó ń fi ọwọ́jà rẹ̀ kan àwọn èèyàn lórí, kó fi súre fún wọn. Ó súre fún Bámgbóyè, fìlà rẹ̀ sì já bọ́. Ó ní òun wo erin náà lójú, òun sì sọ fún un pé, "Gbé e." Ó ní erin gbé e, ó sì bẹ òun. Mani sọ pé ọkùnrin tó ń tọ́jú erin ló gbé e. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Bámgbóyè á ní, "Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí. Bí mo bá rí erin, mo rí erin." Títí ó fi kú, ẹ̀bẹ̀ erin yẹn ń gùn sí i.

Nígbà tó dé, ìgbìmọ̀ ìjọ pè é. Pásítọ̀ Tádé, tó jẹ́ àbúrò fún un dáadáa, rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, a mọ̀ yín. Ẹ kàn sọ fún ìjọ pé àṣìṣe ni, ọ̀rọ̀ tán."

"Àṣìṣe wo? Bàbá ọ̀rẹ́ mi ni mo kí."

"A ò rí bàbá kankan nínú fọ́tò, sà."

"Òpó ló bò wọ́n. Ṣé èmi ni mo gbé òpó síbẹ̀ ni?"

Inúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wa ọkọ̀ gbé e wá, kò lè pa á mọ́ra. "Dad, please, just say sorry. You really want this."

"Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní àṣìṣe ni, mo ti gba ìkíni mi padà lọ́wọ́ bàbá arúgbó nìyẹn. Ta ló bí ẹni tí ń gba ìkíni padà?"

Pásítọ̀ ní àwọn á máa gbàdúrà sí i. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ ibi tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ń já sí.

Fọláhàn, tí kò rìn kọjá Banff tó wà nítòsí wa rí, ni wọ́n fi jẹ alàgbà. Bámgbóyè wọ aṣọ tuntun rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, ó jókòó síwájú, ó sì kọrin ju gbogbo wa lọ, láìbá dùrù mu rárá. Ó dùn ún. Fúnmiláyọ̀ ní ọkọ òun tó máa ń bá red light jà, kò bá ìkankan jà títí wọ́n fi délé.

Àìsàn ọkàn ló mú un lọ nígbà òtútù tó kọjá. Kí a tó sin ín, Pásítọ̀ Tádé wá sílé wọn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú opó náà, ó ní ìjọ ti pinnu láti máa pe ọkọ rẹ̀ ní Alàgbà Bámgbóyè láti ọjọ́ náà lọ.

"Ẹ ṣé, Pásítọ̀," Fúnmiláyọ̀ wí. "Bàbá Inúolúwa ti fi èsì sílẹ̀ dè yín. Ó ní, 'Bí wọ́n bá gbé e wá lẹ́yìn ikú mi, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, kí o sọ pé mi ò sí nílé.'"

Fọláhàn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Inúolúwa túmọ̀ rẹ̀ fún Mani, òun náà fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu omijé. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, gbogbo wa ń wo àga olóògbé. Òótọ́ ló sọ. Kò sí nílé, ilé náà sì wá tóbi jù fún gbogbo wa.