Ọwọ́ Òsì Ràṣídì

Bí a ṣe kírun àárọ̀ tán lèmi àti bàbá ọkọ mi jáde ní Ẹdẹ, a forí lé Ìlọrin. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ràṣídì, ọkọ mi, ló fẹ́ gbá bésíbọ́ọ̀lù àgbákẹ́yìn lọ́jọ́ náà, torí èjìká ń dùn ún. Láti ọdún tó ti ń gbá a, Bàbá ò lọ wò ó rí, nítorí òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó wà ní kékeré, aṣọ ni Bàbá fi ń di ọwọ́ náà kó lè máa fi ọ̀tún jẹun. Tí mo bá sì ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní, “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.” Bí wọ́n ṣe gbà láti bá mi lọ, ìyanu Ọlọ́run ni.

Láti Òṣogbo, mọ́tò gba Ìlobùú àti Ifọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ ń yẹ kòtò bí ẹni ń yẹ olówó èlé. Ní Ìlọrin, mo ra wàrà díndín. Ó tóbi ju ti Ẹdẹ lọ, ata sì bò ó. Bàbá jẹ méjì, wọ́n ní kò níyọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Pápá wọn ò ní gólù. Òkìtì kékeré kan ló wà láàárín, níbi tí pítíṣà, ìyẹn ajùbọ́ọ̀lù, ń dúró sí. Ẹlòmíràn á di igi mú lọ́ọ̀ọ́kán, á fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù náà. Ràṣídì gun òkìtì, ó rí bàbá rẹ̀, ló bá gbé bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún. Ó jù ú, kò débì kan. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí fún un, omi sì lé sí mi lójú.

Bàbá dìde. Wọ́n na ọwọ́ òsì tiwọn sókè, wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ṣé ó rí mi?”

Mo ní, “Ó rí yín, Bàbá.”

Ràṣídì gbé bọ́ọ̀lù padà sí òsì. Onígi fi igi gbá afẹ́fẹ́ títí rẹfirí fi ní kó lọ jókòó.

Nígbà tí a padà dé Ẹdẹ, kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Bàbá wà láàárín, Ràṣídì lápá ọ̀tún wọn, èmi lápá òsì. Wọ́n ti di ọwọ́ òsì ọmọ wọn mú láti Ìlọrin, wọ́n ń fi àtàńpàkò ra ojú ọrùn ọwọ́ náà níbi tí aṣọ máa ń wà. Oníkẹ̀kẹ́ bèèrè agboolé wa. Ọwọ́ kan kọjá níwájú mi, ó júwe ilé.

Mo ní, “Bàbá, òsì lẹ fi júwe ilé bàbá yín o.”

Wọ́n ní, “Ọ̀tún ò dilẹ̀, ìyàwó.”