Àwọn Káàdì tí Ọbẹ̀ Ta Sí

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọbẹ̀ àná lára páálí, mi ò ní lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé ọ̀gá mi ni mo ti kó àìsàn yìí.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń lu ihò sára káàdì páálí, kí kọ̀ǹpútà lè kà á, kó sì ṣírò owó oṣù. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì lókè òkun, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Òṣòdì. Ìṣirò kan ló kù kó parí kó tó padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ. Ọ̀gá gbà kó fi kọ̀ǹpútà wa ṣe é lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ìsinmi rẹ̀.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Páìpù irin gígùn kan ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Àwọn ohun tíntìntín tó ní iná mànàmáná lára ń sáré gba inú rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Níbikíbi tí páìpù bá ti ní oríkèé, ọ̀wọ́ tó ṣáájú á fi iná díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, iná yẹn á sì máa ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá pọ̀ jù, gbogbo wọn á máa mì títí wọ́n á fi lọ forí sọ ògiri páìpù. Ìgbà tí èyí máa ṣẹlẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Mo lu káàdì fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo fi rọ́bà dì wọ́n, mo gbé wọn sórí tábìlì mi.

Lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà tẹ èsì jáde: kò sóhun tó mì rárá. Inú mi dùn. Àbúrò mi fajú ro.

"Àǹtí mi, páìpù tí kò ní oríkèé nìkan ló lè rí báyìí. Ṣé gbogbo káàdì wa ló pé?"

Mo yẹ̀ wọ́n wò. Ti òkè wà, ti ìsàlẹ̀ wà, àwọn ti àárín, tí oríkèé wà lára wọn, ò sí mọ́.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì ló sọ fún wa. "Ọ̀gá ló mú wọn. Wọ́n ní páálí yẹn le dáadáa, àwọn á kọ orúkọ àlejò sí i, àwọn á fi sórí àga."

Àná ọjọ́ náà ni ọ̀gá ṣí ilé tuntun ní Èjìgbò, tó sì pe àlejò wá jẹun. A lọ síbẹ̀. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sí bàráńdà, ó ń fi etí ọ̀kan nínú káàdì mi ta ẹran kúrò ní eyín.

"Nítorí páálí lẹ ṣe wá láti Ìsọlọ̀? Sísì, ṣebí òmíràn kún inú stọ́ọ̀!"

"Ihò ara wọn la nílò, sà," ni àbúrò mi wí.

"Ihò! Ìyá ilé, ẹ wá gbọ́ o, ihò ni wọ́n ń wá kiri!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Èmi wà lábẹ́ àga, mò ń ṣa káàdì. Ẹ̀bà ti gan mọ́ ọ̀kan. Egungun ẹja ni wọ́n tu sórí òmíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olóyè kan. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi kó èébì. Mo mú un, torí oríkèé kan wà lára rẹ̀.

A kó wọn padà sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ò lè gbé káàdì tó lọ́ràá mì, bébà tí àbúrò mi kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sí sì ti lọ pẹ̀lú pàǹtí ọ́fíìsì. Mo bá ń gbé wọn sí ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wo ihò wọn, mò ń lu tuntun.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, èsì kejì jáde. Àwọn ohun tíntìntín náà mì, wọ́n sì forí sọ ògiri. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọlé, ó ní òun wá wò ó bóyá a ti pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ó wo bébà náà.

"Gbogbo wàhálà yìí, ó wá bàjẹ́? Ti àkọ́kọ́ tó dáa ńkọ́? Ìyẹn ni kóo fi ránṣẹ́, jàre."

Àbúrò mi ti ń fi èyí tó mì sínú àpò ìwé. Ọ̀gá nawọ́ sí mi pé ó dàárọ̀. Mo wo ọwọ́ náà.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní, "ọwọ́ mi ò mọ́."