Àwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Mo mọ̀ pé mo máa ń fura jù. Ìyá wa ní bí ẹyẹ bà lé òrùlé, èmi á fẹ́ mọ ẹni tó rán an wá. Ó dáa náà. Ìfura loògùn àgbà.

Lọ́dún tí kòrónà lé gbogbo ayé wọlé, àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi ní DeSoto, lókè òkun níhìn-ín. Iṣẹ́ ẹrù ló ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, lápá Irving, kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Mo mọ̀ pé ó ń mu igbó. Á wakọ̀ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Oak Cliff, bó bá sì dé, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti sọ fún mi kó tó kí mi. A máa ń jà lé e lórí. Á ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú," á wá jókòó ti ìkòkò mi bí ẹni tí kò jẹun rí.

Nígbà tó yá, pásítọ̀ wa kéde àwẹ̀ àti àdúrà orí fóònù, torí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi ní òun náà máa gbààwẹ̀. Mo ní, "Ìwọ kẹ̀?" Ló bá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, òórùn igbó kúrò nílé mi pátápátá. Mo pe ìyá wa ní Ìbàdàn, mo ní ọmọ yín ti di ọmọ Ọlọ́run. Àwa méjèèjì sunkún ayọ̀ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ nílé wa, kí àkókò ìṣínu tó pé, á ti máa yí ìdí ààrò ká. Eléyìí kì í béèrè oúnjẹ. Mo bu ìrẹsì àti dòdò fún un, ó fi ṣíbí rò ó, ó ní ó ti tó. Ó ń họra. Ó ń tòògbé láàárín ọ̀rọ̀. Mo ní, "Wò mí lójú." Ó wolẹ̀. Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú: ọmọ ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Lásìkò yẹn, à ń rí àwọn tó jẹ́ pé igbó nìkan ni wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún ti fọ́nká, ẹni tó ń tà á fún wọn ti pòórá. Ẹlòmíì ló ń pè wọ́n lórí fóònù, á wá ju hóró oògùn sínú àpótí lẹ́tà wọn. Fẹ́ntanilì, oògùn apàrora líle tó ń sọ ọmọ ojú di kíkéré, tó sì ń dá èémí dúró, ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n ń kú sínú yàrá láìsí ẹni tó gbọ́.

Mo bi í. Ó ní àwẹ̀ ló mú kó rẹ òun. Ẹ gbọ́ o! Ta ló máa bá ẹni tó ń gbààwẹ̀ jà? Nílé wa, ẹni tó bá kanlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń gbàdúrà, àfi bíi pé ó dí Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo wá oògùn tí wọ́n ń fín sí imú láti jí irú àwọn bẹ́ẹ̀, mo fi sápò, mo sì ń tẹ́tí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àdúrà ń lọ lórí fóònù rẹ̀, àwọn ará ń pariwo àmín. Ohùn gbogbo wọn ni mò ń gbọ́, tirẹ̀ nìkan ni mi ò gbọ́. Ọkàn mi ní kí n fi í sílẹ̀, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìfura mi ní irọ́ ni. Mo fi ọ̀bẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbórí lé ọwọ́, bí ìyá wa ṣe kọ́ wa. Háà, ojú tì mí! Mo ti ń fa ilẹ̀kùn padà kí n tó gbọ́ tó hanrun lẹ́ẹ̀kan, tí ìyẹn náà sì dákẹ́. Mo gbé ojú rẹ̀ sókè. Ètè rẹ̀ ti ṣú bí aró.

Mo yọ oògùn náà lápò, mo fín in sí i nímú. Mo pe 911, mo ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, mo ti gbàgbé kòrónà. Mo tún fín in sí i. Ó wúkọ́, ó lajú, inú bí i. "Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?" Ó ń gbọ̀n, ó ń bú mi. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Kó máa bú mi lọ!

Ó ti gba ìtọ́jú, ó ní òun ò lò ó mọ́. Mi ò pè é ní irọ́, mi ò sì pè é ní òótọ́. Bí yàrá rẹ̀ bá dákẹ́ jù, mo máa ń wọlé láì kanlẹ̀kùn. Láìpẹ́ yìí ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò lè máa ṣọ́ mi títí láé."

Mo ní, "Mí, kí n gbọ́."