Pépà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fagi Lé

Kí ló kan ìdìdedúró nínú ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́? Lẹ́kíṣọ̀ yẹn kàn wọlé, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún kọ́ọ̀sì yìí ṣe, ẹ dìde ká rí yín." Gbogbo kíláàsì yíjú sí wa. Èmi ni mo ga jù. Ó ní, "Igi àgbọn, o tún padà wá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ti lanu láti bú u padà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan níbí l'Ọ́wọ̀, ọmọ àgbẹ̀ ará Iyere tí kò jìnnà síbí, tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó rọra ní, "Tó o bá bú u, ta ló máa máàkì ẹ?" Tí mo bá tún fìdí rẹmi, mi ò ní bá wọn jáde nílé ìwé nìyẹn. Mo jókòó padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi wọ́ mi lọ sí ọ́fíìsì lẹ́kíṣọ̀ náà, ó ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Kúnlẹ̀. Má rojọ́. Ṣáà ní kó fi pépà ẹ hàn ẹ́." A kì í bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa o; tó o bá ní o fẹ́ rí pépà ẹ, wọ́n á ní o wá jà ni. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí pépà mi." Lẹ́kíṣọ̀ fa tèṣí jáde.

"Wo ibí. Ó tọ̀nà látòkè délẹ̀. Kí ló dé tó o fagi lé e?"

Mo rántí ọjọ́ ìdánwò náà. Mo yọjú wo ìdáhùn ẹni tó jókòó tì mí, tiẹ̀ yàtọ̀, inú bí mi, mo fi bírò fagi lé gbogbo tèmi. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bú ọkùnrin yìí pé òun ló gbé mi lulẹ̀.

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. O ò kàn gbà pé o mọ̀ ọ́n ni."

Fídíò orí fóònù ni mo fi kọ́ ara mi ní ìṣirò, mi ò ní olùkọ́ kankan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà ìdánwò tọdún yìí, mi ò wo pépà ẹnikẹ́ni. Mo yege. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Àwọn mẹ́ta tó fìdí rẹmi dúró síta, wọn ò rí pépà tiwọn rí. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Àwọn tó wà níta yìí ńkọ́? Àwọn náà ò mọ ibi tí wọ́n ti ṣì í." Mi ò pariwo. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Pè wọ́n wọlé."

Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mi ò lè dúpẹ́ kí n máa lọ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: tó jẹ́ pé ẹ ti yege tiyín, ṣé ẹ máa dákẹ́?