Ọmọ Edé Inú Fíríìjì Wa Lóṣù Ààwẹ̀

Ọdún tó tẹ̀ lé ọdún tí omi òjò wọ yàrá wa ní àdúgbò Madagascar, ní Douala ilẹ̀ Kamẹrúùnù níhìn-ín ni, tí a gbé àpò ìrẹsì lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, tí àga mi ń léfòó káàkiri pálọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá wà ní agbègbè New Bell wa nígbà náà á mọ ọdún tí mò ń wí. Ẹ fara balẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Èmi ò mọ̀wé o. Sèkínà, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Douala ni wọ́n bí i sí, Faransé ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ mú! (Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.)

Ọmọ mi obìnrin, Múíbátù, ló ń sin ẹja. Kì í ṣe ẹja jíjẹ! Ẹja ọ̀ṣọ́ ni, èyí tí wọ́n ń sìn sínú àpótí gíláàsì, tí àwọn èèyàn ń gbé sí pálọ̀ kí wọ́n lè máa wò ó. Èmi tí mo fi ìgbà èwe mi yan ẹja ní èbúté Youpwè, tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú, ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ yé mi. Èwo ni ká máa bọ́ ẹja tí a ò ní jẹ? Múíbátù ní, "Màámi, ẹ ṣáà má fi ojú ọbẹ̀ wò wọ́n."

Oríṣi kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ibí ń pè ní sìkàlẹ́à. Ó pẹlẹbẹ bí àwo, lẹbẹ rẹ̀ sì gùn wálẹ̀ bí ìbòrí ìyàwó. Takọtabo kan ni Múíbátù fojú sí lára jù. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yé ẹyin, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́! Irú òbí wo nìyẹn? Ọmọ mi á jókòó síwájú gíláàsì, á máa wo ibi tí ẹyin wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé bí èyí tó ń bọ̀ bá tún bàjẹ́, òun á ta gbogbo àpótí náà, òun á padà sídìí tòmátì tí òun ń tà tẹ́lẹ̀ ní Marché Dakar, ọjà kan níbí. Kò sóhun tó burú nínú tòmátì. Àmọ́ mo mọ ohun tí ọmọ mi fẹ́ràn, ohùn tó fi sọ ọ́ sì dùn mí.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Ẹja yé, wọn ò sì jẹ ẹyin náà! Ẹyin pa, àwọn ọmọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, wọ́n tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n lórúkọ.

Ìgbà náà ni wàhálà dé. Ọmọ ẹja yìí kì í jẹ ohun tó ti kú. Ohun tó bá ń mira nìkan ló ń kà sí oúnjẹ. Ọmọ edé inú omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, àtẹ́míà ni wọ́n ń pè é. Ẹyin rẹ̀ dà bí eruku nínú agolo. Wọ́n á dà á sínú omi iyọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tó bá di ọjọ́ kejì, edé wẹ́wẹ́ á ti kún inú omi náà. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, gbogbo wọn á rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀ bí èrò tó gbọ́ pé wọ́n ń pín sàárà.

Agolo Múíbátù ti ń tán lọ. Òmíràn wà lọ́nà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ti Èkó bọ̀. Kúráàǹ wa, ìyẹn iná mànàmáná, náà ń lọ, ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹyin ò ní pa. Ó wá pinnu pé níwọ̀n ìgbà tí iná ṣì wà, kí òun jẹ́ kí ẹyin tó pọ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà, kí òun tọ́jú àwọn edé náà láàyè sínú fíríìjì. Òtútù kì í pa wọ́n. Ó kàn ń mú kí wọ́n máa tòògbé ni, kí ọ̀rá ara wọn má tètè tán, torí ọ̀rá yẹn gan-an ni ọmọ ẹja ń wá. Ó dà wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ, omi ò jìn, kí wọ́n má baà gun ara wọn pa. Kò dé e, kí wọ́n lè máa mí.

Àmọ́ fíríìjì kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà wa. Lóṣù ààwẹ̀, gbogbo ilé ló ń kó omi ìṣínu àti fọlẹ́rẹ́ wọn, ìyẹn sóbò, síbẹ̀. Ìyá Ráṣídì, aládùúgbò wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í fi ẹ̀sìn ṣeré. Àwa mùsùlùmí kì í fi ohun èlò omi sílẹ̀ láìdé mọ́jú, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ó ṣí fíríìjì, ó rí àwo tó là sílẹ̀ gbayawu. Ó ṣe Bísímílà, ó fi ọmọrí rọ́bà dé e pinpin. Ṣé ẹ rí i? Oore ló ṣe!

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ igbe Múíbátù. Èyí tó pọ̀ jù nínú edé náà ti kú, wọ́n ti rọlẹ̀ sísàlẹ̀ àwo.

"Ta ló dé e? Mo ní ta ló dé e?"

"Èmi ni," Ìyá Ráṣídì dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ṣàìtáánì wá fi wẹ̀ ni?"

"Ẹ ti pa wọ́n!"

"Kí ni mo pa? Eruku? Ìwọ lo gbé kòkòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìṣínu mi, dípò kó o ní pádọ̀ọ̀n, ò ń jágbe mọ́ mi."

Ó wá búra pé ohun tí kò bá ní ìdérí kò ní sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu òun mọ́, wàláì! Múíbátù ní bí òun bá dé e, wọ́n á kú. Bẹ́ẹ̀, kò síbòmíràn tó tutù. Ọmọ mi fi tọ́ọ̀ṣì ṣa àwọn tó ṣì wà láàyè, ó sì da ìwọ̀nba ẹyin tó kù nísàlẹ̀ agolo sínú omi iyọ̀. Mo rí i tó ń wo àwọn àpótí gíláàsì náà bí ẹni tó ń dágbére.

Mo jókòó sórí ẹní mi, mo ń ro ó. Ni mo bá rántí ohun tí Àáfà kọ́ wa nílé kéú ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí a wà lọ́mọdébìnrin. Mo pe Ìyá Ráṣídì.

Mo ní, "Ṣé wọn ò kọ́ ọ pé bí èèyàn ò bá rí ohun tó máa fi dé omi, kó gbé igi kékeré dábùú rẹ̀, kó dárúkọ Ọlọ́run sí i?"

Ó ní, "Wọ́n kọ́ mi, Màámà. Àmọ́ ọmọrí ò wọ́n nílé wa."

"Èyí tó bá àwo yìí mu, tó máa jẹ́ kí wọ́n mí, ló wọ́n."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó mú pákò tuntun jáde, ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹyin tó kù pa, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Bísímílà, tó gbé pákò náà dábùú àwo. Látọjọ́ yẹn, ó di ọlọ́pàá fíríìjì! Bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn pẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ tì í o, àwọn èwe ń sùn!"

Múíbátù á bu díẹ̀, á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, á fi omi lásán ṣan iyọ̀ rẹ̀ kúrò, á dà á fún àwọn ọmọ ẹja. Kíá ni ikùn wọn á pọ́n bí epo! Díẹ̀ kú nínú wọn, n ò ní purọ́. Àmọ́ àwọn tó pọ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ títí obìnrin tó ń ti Èkó bọ̀ fi gun bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà ìhín, wọ ọgbà wa tòun ti agolo tuntun. Nígbà tó fi máa di ọdún ìtúnu ààwẹ̀, lẹbẹ wọn ti ń yọ. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ tòmátì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣe yín lóore ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ rí? Báwo lẹ ṣe parí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Sèkínà á kà á sí mi létí.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi nìyí, nígbà tí gbogbo wọn pé lọ́jọ́ ọdún. Mo ní bí ìgbàgbọ́ ẹnì kan bá dí yín lọ́nà, ẹ má kọ́kọ́ bá a jà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wo ohun tí ìgbàgbọ́ náà sọ délẹ̀délẹ̀. Ọlọ́run ò fún ọ̀nà mọ́ wa tó bí àwa ṣe ń fún un mọ́ ara wa.