Ọjọ́ Tí Fàáya Fọ́ Ògiri Ọmọ Rẹ̀

Fàáya ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin nílé iṣẹ́ wáyà, torí fífà àti yíya ni wọ́n gbà á fún. Bí wọ́n bá ti po ike tí wọ́n fi ń bo wáyà tán, òun ni yóò gé díẹ̀ láti dán an wò, yóò fà á títí yóò fi já, yóò sì dáná sun ìyókù. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Láti kékeré lọwọ́ rẹ̀ ti yá ju ẹnu lọ. Òun ló yọ eyín iwájú mi kan.

Ìyẹ̀fun òkúta ni wọ́n ń pò mọ́ ike náà kí iná má bàa ràn án. Ṣùgbọ́n òkúta àti ike kì í ṣọ̀rẹ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi òróró kan pa ìyẹ̀fun náà lára kí wọ́n tó lè di ara wọn mú. Òróró tán lọ́jọ́ kan, wọ́n pò ó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ká ike náà, ojú ibi tó ká sì funfun, ó sán. Ó ní kí wọ́n da gbogbo wáyà tí wọ́n ti fi ike náà bò nù. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń wakọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ní kó lọ dà á nù.

Nígbà tí a lọ wo ilé tuntun tí ọmọ rẹ̀ kó sí, àbúrò mi rí wáyà tó yọ lára ògiri lẹ́bàá ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ká a. Ó funfun.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó pa iná ilé, ó gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri.

Àna rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ sọ òòlù yẹn sílẹ̀, mà. Wáyà tuntun ni wọ́n fẹ́ fi ṣòfò. Mi ò jalè."

"Ta ló pè ọ́ lólè? Apànìyàn ni ọ́."

Ọkùnrin náà dì í mú. Àbúrò mi fi iwájú orí gbá a nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. Inú bí i, ó lọ́ ọwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn títí egungun fi dún, òòlù sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ibẹ̀ wulẹ̀ sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

Ọmọ àbúrò mi gbé òòlù náà. Mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ pa. Ògiri ló fọ́. Wáyà tú jáde, ara rẹ̀ bó wúruwùru, irin inú rẹ̀ wà níhòòhò, ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ sì ti jó dúdú níbi tó kàn án.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó wá fi ọwọ́ lásán fa ìyókù já, ó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ ń kán.

Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi kò jiná dáadáa; ẹlòmíràn ló ń fa ike nílé iṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ilé ọmọ rẹ̀, wáyà ló kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ òsì ká. Àna rẹ̀ á dúró tì í títí yóò fi rí i pé kò funfun.