Ilé Tí N Kò Kà

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Àjàṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn òmìnira, ìṣirò kan wà tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi kórìíra. Omi ń dà sínú àgbá láti òkè, àgbá ń jò nísàlẹ̀. Ìgbà wo ni yóò kún? Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú sí àgbá. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọgbọ́n yìí náà ni mo lò nígbà tí àrùn èèyi wọ Tokpota, àdúgbò wa. Àwọn ọmọdé ń húkọ́, ojú wọn pọ́n, ara wọn sú. Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó gbé e sá lọ sọ́dọ̀ ìyá wa ní Akpro-Missérété, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ọyàn rẹ̀ wú, ó ń dùn ún. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé ìgbà wo ni òun lè lọ gbé ọmọ òun.

Mo fẹ́ fún un lésì tó dájú. Mo ya àgbá mẹ́ta sínú ìwé: àwọn ọmọ tí èèyi kò tíì mú, àwọn tó mú lọ́wọ́, àwọn tó ti bọ́ níbẹ̀. Bí àgbá àkọ́kọ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àrùn náà kò ní rí ẹni mú mọ́. Ó kù kí n mọ iye ọmọ tó wà ní àdúgbò wa.

Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé. Obìnrin tó ń ta epo àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa bi mí pé, “Mẹ̀sí, ṣé ẹ fẹ́ rà wọ́n ni?” Mẹ̀sí ni wọ́n ń pe olùkọ́. Òmíràn ní kí n lọ ka ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mo rọra ṣàlàyé fún wọn pé àrùn náà ti ń kà wọ́n ṣáájú wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá mi lóhùn. Mo to ilé kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ìwé náà, mo kọ iye ọmọ sí i.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń béèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, ìṣirò mi fi hàn pé àgbá àkọ́kọ́ ti gbẹ tán. Mo ní kí àbúrò mi lọ gbé ọmọ rẹ̀.

“Ṣé ó dá yín lójú, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ìṣirò kì í purọ́.”

Ọmọ náà dé, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Kò bọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, elépo àtùpà wá kí wa. Ó jókòó, ó ní, “Mẹ́rin ni wọ́n, Mẹ̀sí. Méjì ni mo pè fún yín.” Àwọn méjì tó fi pa mọ́ ló ń húkọ́ lẹ́yìn ògiri wa nígbà tí ọmọ wa dé. N kò lè bá a wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi ní kí n mú ìwé náà wá. Kò mọ̀wé. Ó ń fi ìka tọ́ka, ó ń bi mí pé ilé ta nìyí, mo ń dá a lóhùn.

“Tiwa ńkọ́?”

Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo tọ́ gbogbo ìyá àdúgbò sọ́nà, ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹnu ọ̀nà tiwa kọjá pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́.

“Ẹ̀rù ba ẹ̀yin náà láti kà á,” ó wí.

Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpótí tí aṣọ ọmọ náà wà.